Ẹ Ka Eyín Jíà Kí Ẹ Tó Ra Axle

A ò ní fi ẹsẹ̀ kọ o. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni.

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì, ní Lẹ́kkí, ló kọ̀wé sí mi. Píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux àtijọ́ ni ó ń wà, irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fóò-wíìlì. Sìmẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù àti irin ni ó ń kó láti ojú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ wọ inú àwọn ojúlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ó ní láàárín oṣù mẹ́jọ, ṣáàfù ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti kán lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni kan ní ọjà Ládípọ̀ wá sọ fún un pé òun ní axle Land Cruiser tó nípọn ju tirẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ méjì òun yóò ti jó o mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò pé. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ bá a pé e, láti inú owó tó fi ń ra ọjà sí ìsọ̀. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n rà á, àbí kí n má rà á?"

Èsì mi ni pé, ẹ má tíì rà á. N kò sọ pé kí ẹ má rà á láéláé o. Mo ní ẹ má tíì rà á. Kí ìyàwó yín sì má tíì fọwọ́ kan owó ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Fún àwọn tí kò wọ abẹ́ ọkọ̀ rí, axle ni irin ìdábùú tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Igbá irin roboto kan wà láàárín rẹ̀. Nínú igbá yìí ni jíà méjì ti ń fi eyín gé ara wọn, ọ̀kan fẹ̀ bí àwo, èkejì kéré. Pùròpẹ́là, ìyẹn ọ̀pá gígùn tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, ni ó ń yí kékeré. Kékeré á yí ńlá, ńlá á sì yí ṣáàfù méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Fóò-wíìlì ní irú axle bẹ́ẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ṣáàfù tó kán lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ irin burúkú. Èyí tó kán lẹ́ẹ̀mẹta ń sọ̀rọ̀ ni. Kí ló ń sọ? Ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Èkíní, báwo ni ẹrù ṣe pọ̀ tó? Àpò sìmẹ́ńtì kan wọn kílò 50. Àpò 20 jẹ́ kílò 1,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan gédégédé, ó sì súnmọ́ òpin ohun tí wọ́n ṣe Hilux láti gbé. Mo ti rí èyí tó gbé àpò 40 lójú ara mi, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tún jókòó lé e lórí. Bí irin bá kán lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ má bú irin.

Èkejì, ṣé táyà tó bá ọkọ̀ wá náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn táyà gàgàrà, wọ́n ní ó yẹ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ṣe ga tó ni ṣáàfù yóò ṣe làágùn tó láti yí i. Ẹni tó fi táyà ńlá sí ẹsẹ̀ kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán ṣáàfù láti ọjọ́ náà lọ.

Ẹ̀kẹta, báwo ni ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ nínú yanrìn? Ẹni tó bá mọ Ìkátẹ̀ mọ̀ pé òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, yanrìn ló sì tẹ́ láàárín. Táyà tó le bí òkúta a máa gbẹ́ yanrìn bí ọkọ́. Bí ó bá ti rì, awakọ̀ á tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yí lásán pẹ̀lú eré. Lójijì á kan ilẹ̀ líle tàbí búlọ́ọ̀kù tí a sọ sábẹ́ rẹ̀, á dúró wàì. Ní ìdúró wàì yẹn ni ṣáàfù ń kán. Táyà tí a dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù yàtọ̀. Ńṣe ni ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, tí ó sì ń rìn lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi 35 rìn lórí títì, tí ọkọ̀ sì ṣófo, ẹ sọ ọ́ di nǹkan bí 18 kí ẹ tó wọ yanrìn. Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ẹ má dín in tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun títì, torí táyà tó rọ̀ a máa gbóná lórí eré, a sì máa bẹ́. Afẹ́fẹ́ kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá axle kiri Ládípọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n nílò.

Bí ẹ bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ṣáàfù sì tún kán, a jẹ́ pé ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ axle tó lágbára jù. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá ti ṣe é rí, ẹ sì jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn àgbà yóò rántí Land Rover. Ní ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní ìlú Amsterdam. Kò pẹ́ tó fi di ọkọ̀ àwọn aṣọ́gbó, àwọn agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà àti àwọn ọlọ́pàá nílẹ̀ wa, débi pé ilé iṣẹ́ Leyland ń to òun náà pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà kan. Ọkọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní àrùn kan: ṣáàfù ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó gùn nínú wọn, tí ìnǹṣì 109 wà láàárín axle iwájú àti ti ẹ̀yìn, ni ó ń gbé ẹrù jù, ìyẹn náà ni ṣáàfù rẹ̀ ń kán jù. Nígbà tó di ọdún 1972, ilé iṣẹ́ náà fi axle mìíràn tí wọ́n ń pè ní Salisbury sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gígùn náà. Salisbury nípọn, ó wúwo, ariwo ṣáàfù sì rọlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe o. Wọn kò kàn gbé irin ńlá sábẹ́ ọkọ̀. Axle iwájú kò yí padà: bí pùròpẹ́là bá yí ní ìgbà 4.7, ẹsẹ̀ iwájú á yí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rí i dájú pé Salisbury tí wọ́n fi sẹ́yìn náà jẹ́ 4.7. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ń de táyà iwájú, márùn-ún náà ló ń de ti ẹ̀yìn, kí sípéà táyà kan lè bá gbogbo ẹsẹ̀ mu. Imú Salisbury gùn síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n fi pùròpẹ́là tó kúrú jù sí i. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wo gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.

Àwọn kan wá dé lẹ́yìn wọn tí wọn kò wo nǹkan kan. Wọ́n rí axle Range Rover, ọkọ̀ tó jáde ní 1970, ọmọ ilé kan náà ni òun àti Land Rover. Wọ́n ní ẹbí ni, ó máa bá a mu. Wọ́n gbé e sẹ́yìn Land Rover. Ṣùgbọ́n ìgbà 3.54 ni pùròpẹ́là ń yí kí ẹsẹ̀ Range Rover tó yí lẹ́ẹ̀kan. Iwájú jẹ́ 4.7, ẹ̀yìn jẹ́ 3.54. Ìyẹn ni kí á so ẹni tó ń sáré pọ̀ mọ́ ẹni tó ń rìn.

Ọ̀rọ̀ Hilux tiyín gan-an nìyí. Oríṣiríṣi ni eyín jíà inú igbá axle Toyota. Nínú òmíràn, eyín 41 wà lára jíà ńlá, eyín 10 lára kékeré. Òun ni wọ́n ń pè ní 4.10. Nínú òmíràn, eyín 41 àti 9, èyí ni 4.56. Nínú òmíràn, 39 àti 8, òun ni 4.88. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á sí àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ èyí tí wọn yóò fi sí i. Tòkunbọ̀ sì ni ti wa, láti igun ayé gbogbo ni ó ti ń wá.

Ká ní iwájú Hilux yín jẹ́ 4.56, tí axle Land Cruiser tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ 4.10. Bí ẹ bá fa ọ̀pá fóò-wíìlì, ẹ ti so pùròpẹ́là iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ nìyẹn, iye kan náà ni wọn yóò máa yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ní ìgbà 41. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yí ní ìgbà 10, ẹsẹ̀ iwájú á yí ní ìgbà 9. Kí iwájú tó rin ìrìn mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ti fẹ́ rin mẹ́wàá. Yíyí kan ẹsẹ̀ Hilux lé ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Níbo ni ẹ̀yìn yóò gbé ẹsẹ̀ bàtà méje yẹn gbà? Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí yanrìn tó rọ̀, táyà á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìjà náà á máa tú. Bí ó bá ti kan ilẹ̀ líle, kò sí ibi tí ìjà ń gbà jáde mọ́. Jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn á há, irin á máa fọn ara wọn bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ já.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi sọ pé ẹ má tíì náwó nìyí. Bí mẹkáníìkì bá parí iṣẹ́, orí títì ló máa gbé ọkọ̀ lọ dán wò. Lórí títì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, kò sí ẹni tó ń fa ọ̀pá fóò-wíìlì níbẹ̀. Ọkọ̀ á rìn geerege. Ẹ ó san owó, ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó máa lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹrù wọ yanrìn, tí ẹ fa ọ̀pá náà, ọjọ́ yẹn ni gbèsè á yọjú. Nígbà náà ẹ̀rí wo ni ẹ ó fi mú ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, ẹ ka eyín kí ẹ tó rà. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Bí axle bá ti wà nílẹ̀ ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n dá ẹsẹ̀ kan dúró kí ó má yí. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ara ẹsẹ̀ kejì àti sí imú axle níbi tí pùròpẹ́là ń so mọ́. Ẹ yí ẹsẹ̀ yẹn ní ìgbà méjì pátápátá, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí imú axle yí. Bí ó bá yí ní ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́jọ, 4.10 ni. Bí ó bá yí ní ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, 4.56 ni. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún, 4.88 ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sílé, kí ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kí ẹ ti òkúta ṣinṣin sídìí àwọn ẹsẹ̀ yòókù, kí ẹ yọ jíà kúrò, kí ẹ ka tiwájú bákan náà. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó dára. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn tan yín. Ẹ yàn láti pààrọ̀ jíà inú igbá kí méjèèjì lè dọ́gba, tàbí kí ẹ fi axle náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Nǹkan mìíràn wà tó ju owó lọ. Oríṣi axle ẹ̀yìn méjì ló wà. Nínú èyí tó wà lábẹ́ Hilux, ṣáàfù ń ṣe iṣẹ́ méjì: òun ló ń yí ẹsẹ̀, òun náà ló tún ń ru ẹrù. Ó dà bí obìnrin tó ru igbá sórí tó tún ń gúnyán. Bí ṣáàfù bẹ́ẹ̀ bá kán lápá ìta, ẹsẹ̀ lódindi lè yọ kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Nínú oríkejì, họ́ọ̀bù ló ń ru ẹrù lórí bíárìn tirẹ̀, yíyí nìkan ni iṣẹ́ ṣáàfù. Bí ìyẹn bá kán, ẹsẹ̀ kò lọ síbì kankan. Irú èyí ni Land Rover àtijọ́ ní. Bí ṣáàfù ẹ̀yìn bá kán, awakọ̀ á fà á yọ, á fa fóò-wíìlì, á fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ délé. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ wo àárín ẹsẹ̀: bí họ́ọ̀bù bá yọ síta bí ìdodo ọmọ, tí nọ́ọ̀tì kéékèèké yí i ká, irú rere nìyẹn. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣáàfù yẹn ń ru ẹrù. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Táyà tó bá yọ lábẹ́ ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù kan kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó kọlù ú. Bí ẹ bá máa náwó, orí èyí ni kí ẹ ná an lé.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, n kò fara mọ́ "ọjọ́ méjì" yẹn. Àga tí sípíríǹgì ń jókòó lé lórí axle kì í sábà bá ti ọkọ̀ mìíràn mu, a ní láti jó òmíràn mọ́ ọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé axle sí àyè rẹ̀, kí imú rẹ̀ kọjú sí pùròpẹ́là dáadáa, kí wọ́n tó jó o pa. Kí wẹ́dà máa jó o díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀tún, ní òsì, torí iná tó pọ̀ lójú kan a máa tẹ axle. Igbá Salisbury jẹ́ irin tí a dà, irin bẹ́ẹ̀ a máa sán bí a bá jó o bí a ṣe ń jó géètì ilé. Bírékì ńkọ́? Axle tó wá láti ara ọkọ̀ ńlá bá bírékì ọkọ̀ ńlá wá. Bí ẹ̀yìn bá mú ju iwájú lọ, ọkọ̀ á fẹ́ yí ìdí po lójú òjò. Ẹ wá ibi tó ṣófo, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e wọ àárín èèyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn VIO yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní agbègbè yín, omi tún wà. Nígbà òjò, ẹ mọ bí ojú ọ̀nà Lẹ́kkí ṣe máa ń rí. Axle tó ti gbóná, tó wá wọ inú omi tútù lójijì, a máa fa omi sínú bí ẹni mu omi. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tú ọ́ìlì inú igbá rẹ̀ wò. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù kí ẹ fi tuntun sí i. Axle ńlá tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò sàn ju axle kékeré tí ọ́ìlì rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní Ìkátẹ̀, ẹ ó rántí pé ṣáàfù tó ń kán yìí dà bí fíúsì inú ilé. Ó ń kú kí ohun tó wọ́n jù ú lọ má baà kú. Bí ẹ bá sọ ọ́ di alágbára, agbára ìjà náà á wá ibòmíràn lọ, bóyá pùròpẹ́là, bóyá gíábọ́ọ̀sì. Nítorí náà, bí axle bá tilẹ̀ bá a mu lójú eyín, lójú họ́ọ̀bù, lójú nọ́ọ̀tì àti lójú bírékì, ẹrù kò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tó fi axle ńlá sábẹ́ ọkọ̀ kó lè gbé àpò 40, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà padà sí ìdí wàhálà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ẹ dín ẹrù kù. Ẹ dá táyà padà sí èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù nínú yanrìn, ẹ fẹ́ ẹ padà lórí títì. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Bí ṣáàfù kò bá kán mọ́, owó ìsọ̀ ìyàwó yín ṣì wà nínú ọjà, ó sì ń bímọ. Bí ó bá tún kán, ẹ mú ẹfun dání lọ sí Ládípọ̀, kí ẹ ka eyín jíà lójú ẹni tó fẹ́ tà á, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí kò bá bá tiwájú mu, òun yóò gbà á padà. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ti dá yín lóhùn.